Koríko Bahama tàbí tannápoṣó: èwo ló yẹ iwájú ilé tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ń gbé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tiwa ni, iwájú rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sójú títì. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ni ọ̀gbàrá ń kó ilẹ̀ wa lọ. Ọkọ mi ní koríko Bahama ni ká gbìn síbẹ̀. Tannápoṣó lèmi ń fẹ́, torí ó wà lẹ́yìn ilé ìyá mi láti kékeré mi, ó sì máa ń ta sánsán lálẹ́. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní yunifásítì n'Ífẹ̀ wá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní dádì fẹ́ gbin ohun tí kì í yọ òdòdó, mọ́mì fẹ́ gbin ohun tí kò lè di ilẹ̀ mú. Ẹ bá wa dá sí i. Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì gan-an, èwo ni ká gbìn? Ewúrẹ́ pọ̀ ládùúgbò wa o, ọmọ kékeré sì wà nílé.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilé tuntun, àbúrò mi. Kí ilé náà tù yín lára. N kò ní jẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ìdájọ́. Ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, Bahama ni kí ẹ gbìn sí i. Ìdí ògiri ni ààyè tannápoṣó, lábẹ́ fèrèsé, kí òórùn rẹ̀ lè máa wọlé wá bá yín lálẹ́. Kí ẹ sì ri búlọ́ọ̀kù mọ́lẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ ló kù, ìyẹn ló sì gùn.

Ẹ bá mi kí ọmọ yín. Ó jàre nínú ọ̀rọ̀ kan, ó jẹ̀bi nínú èkejì. Èyí tó ti jẹ̀bi ni pé kò sí koríko tí kì í yọ òdòdó. Bahama, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Cynodon dactylon, ẹbí kan náà ni òun àti àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà, ìrèké àti ọparun. Ta ni kò tíì rí ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo rí? Òdòdó ni: akọ ló wà lókè yẹn, irun tó sì ń yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo, ara òdòdó abo ni. Bí ẹ bá fi Bahama sílẹ̀ láìgé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á na ọ̀pá tín-ín-rín sókè, ẹ̀ka mẹ́ta sí méje á sì yà lójú kan náà lórí ọ̀pá náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, ẹ ó rí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan tó ń mì dirodiro lára rẹ̀. Inú wọn ni àtíkè òdòdó wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé àtíkè náà lọ bá òdòdó mìíràn. Ẹni tó ń fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́, kí ló fẹ́ fi àwọ̀ mèremère ṣe, kí ló fẹ́ fi òórùn dídùn ṣe? Afẹ́fẹ́ ò lójú, kò sì nímú. Ohun tó jẹ́ kí òdòdó koríko rí játijàti lójú wa nìyẹn, tí ọmọ yunifásítì pàápàá fi ń kọjá lára rẹ̀ tí kò kà á sí.

Tannápoṣó, tí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ń jẹ́ Mirabilis jalapa, kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Àfòpiná ńlá tí ahọ́n rẹ̀ gùn ló ń retí, torí omi dídùn inú òdòdó náà wà nísàlẹ̀ ọ̀fun tóóró kan tí ahọ́n kúkúrú ò lè tó. Òru ni àfòpiná ń jáde, ló fi jẹ́ pé tannápoṣó kì í là lọ́sàn-án. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, láti nǹkan bí aago mẹ́rin lọ, ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í là. Á máa tú òórùn sílẹ̀ di òru. Nígbà tí oòrùn àárọ̀ bá fi máa mú, ó ti rọ. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn ilé ìyá yín, àfòpiná ló fi ń pè.

Ẹ já òdòdó rẹ̀ kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó ilá. Ti ilá ní ewé òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, ó sì ní èèpo aláwọ̀ ewé tó kọ́kọ́ bò ó kó tó là. Ti tannápoṣó ò ní ewé òdòdó rárá. Èèpo yẹn gan-an ló kun ara rẹ̀ ní pupa tàbí ìyeyè tàbí funfun, tó wá ń ṣe bí ewé òdòdó. Ife kékeré aláwọ̀ ewé tó sì gbé e dúró nísàlẹ̀, ewé lásán ni. Bougainvillea tó ń gun ògiri ilé káàkiri Ifẹ̀ àti Iléṣà, mọ̀lẹ́bí tannápoṣó ni, irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n ṣe: ohun pupa tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò, ewé ni, òdòdó gidi ni ìgò funfun tíntìntín tó wà láàárín rẹ̀.

Ẹ ó sì rí i pé igi tannápoṣó kan ṣoṣo lè gbé àwọ̀ méjì, kódà kí òdòdó kan jẹ́ àdàlù. Àwọ̀ yìí ló fà á tí ará Jámánì kan, Carl Correns, fi lò ó fún ìwádìí lórí ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí. Bí pupa àti funfun bá jọ bímọ, ọmọ wọn ń jáde ní píǹkì. Èyí tó tẹ̀ jáde ní 1909 ló dùn mọ́ mi jù: nínú tannápoṣó tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n funfun, ìyá nìkan ni ọmọ ń jọ ní ti àwọ̀ ewé, bàbá ò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ yín ka ibí yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tó kan ilẹ̀ yín. Gbogbo ìyàtọ̀ tó kù láàárín àwọn méjèèjì, orí ìbéèrè kan ló dá lé: níbo ni ewéko yìí fi ẹ̀mí rẹ̀ pamọ́ sí? Ojú ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, ti Bahama wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kódà òmíràn wà lábẹ́ ilẹ̀. Ewé rẹ̀ pàápàá, ìdí ló ti ń gùn, kì í ṣe ṣónṣó. Bí ẹ̀rọ agékoríko tàbí eyín ewúrẹ́ bá gé orí ewé náà lọ, ohun tó ti dàgbà tán ló gé. Ìdí ṣì ń ti òmíràn jáde. Ọ̀pá rẹ̀ ń rákò lórí ilẹ̀, òmíràn ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, gbogbo oríkèé tó bá sì kan ilẹ̀ ló lè ta gbòǹgbò kó sì yọ ewé. Ẹ já a sí mẹ́wàá, mẹ́wàá ló dà yẹn. Láàárín koríko, Bahama ni òṣómàáló: tó bá ti lóṣòó sójú kan, kò ní dìde.

Tannápoṣó náà ní oríkèé, ó tiẹ̀ wú ju ti koríko lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣẹ́. Ọ̀pá rẹ̀ rọ̀, omi kún inú rẹ̀, bí bọ́ọ̀lù ọmọ bá gbá a báyìí, ó tán. Orí ẹ̀ka àti ojú ibi tí ewé ti yọ lára ọ̀pá ni ìdàgbà rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ bá sì gé lórí, òdòdó ọ̀la lẹ gé. Ibi tó ti gbọ́n ni pé ó ní iṣu nísàlẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí ewé gbẹ, ẹ lè gé e dé ilẹ̀. Bí òjò bá ti kọ́kọ́ rọ̀, á rú padà láti inú iṣu yẹn. Àmọ́ ẹni tó bá ń gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni gé koríko, oúnjẹ inú iṣu náà á tán, òun náà á sì lọ.

Ẹ̀yin tí ewúrẹ́ ń dà láàmú, ìdáhùn yín ti wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ tó jẹ Bahama bá yín dín owó ẹni tó ń gékoríko kù ni. Èyí tó bá gba inú tannápoṣó kọjá ti fi pátákò ba tọ̀sẹ̀ tọ̀sẹ̀ jẹ́.

Ní ti ọ̀gbàrá, ọmọ yín ló jàre. Ilẹ̀ agbègbè Iléṣà, pàápàá èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú tí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ Ìtàgùnmódì pè, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni, kòkó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí katakata bá ti họ orí rẹ̀ kúrò nígbà ìkọ́lé, tí ó wá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i, òjò ò ní ṣojú àánú sí i. Agbègbè wa ń gba òjò tó tó 1,400 mm lọ́dún, púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹwàá. Ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan tó bá já lu ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ń fọ́ ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́, omi tó ń ṣàn á wá kó wẹ́wẹ́ yẹn lọ. Bahama bo ojú ilẹ̀ débi pé òjò ò rí ilẹ̀ lù, ọ̀pá rẹ̀ tó ń rákò ń dín eré omi kù, gbòǹgbò rẹ̀ wẹ́wẹ́ sì so ilẹ̀ pọ̀ níbi gbogbo. Tannápoṣó ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Gbòǹgbò ńlá kan ló rì mọ́lẹ̀, ilẹ̀ tó wà láàárín igi kan sí ìkejì ṣófo. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àárín yẹn ni omi máa gbẹ́ kòtò gbà.

Oòrùn tún pín wọn níyà. Ihò tíntìntín tó wà lára ewé ni ewéko fi ń gba afẹ́fẹ́ tó fi ń se oúnjẹ, ihò yẹn náà ni omi ara rẹ̀ ń gbà jáde. Nínú oòrùn gangan, tó bá ṣí i, omi á tán. Tó bá tì í, ebi á pa á. Bahama, bíi ti àgbàdo àti ìrèké, ní ọgbọ́n tó fi ń kó ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá wọlé jọ sójú kan nínú ewé, kó tó fi se oúnjẹ, ló fi lè pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀ kó sì máa jẹun lọ. Tannápoṣó ò ní ọgbọ́n yìí. (Ìrẹsì pàápàá, tó jẹ́ koríko, kò ní in, ẹ má rò pé gbogbo koríko ló gbọ́n bákan náà.) Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, lágogo méjì ọ̀sán, ẹ ó rí tannápoṣó tó ti sorí kọ́. Ẹ má tìtorí ìyẹn sáré gbé omi. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́: tó bá gbérí fúnra rẹ̀, oòrùn ló rẹ̀ ẹ́, tí kò bá gbérí títí ilẹ̀ fi ṣú, ìgbà yẹn ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ògiri tó kọjú sí ìlà oòrùn ló bá a lára mu jù, kí oòrùn àárọ̀ kàn án, kí ilé ṣíji bò ó lọ́sàn-án.

Ní ti Bahama, òjìji ni ọ̀tá rẹ̀. Lábẹ́ máńgòrò, á fọ́n, á wọ̀, títí á fi kú. Tí igi ńlá bá wà lójúde yín, kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, Axonopus compressus, ni kí ẹ gbìn sábẹ́ rẹ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó gba òjìji, òun náà sì ń rákò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, bíi tannápoṣó, àmọ́ ó ti di ọmọ ilé báyìí. Kò le tó Bahama lójú ẹ̀ẹ̀rùn o.

Gbígbìn. Ẹ jẹ́ kí òjò fìdí múlẹ̀, bí oṣù Karùn-ún sí Kẹfà. Ẹ ro ilẹ̀, ẹ ṣa òkúta, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i. Bahama ò nílò irúgbìn. Ọ̀pá tó ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Ẹ ri oríkèé méjì mọ́lẹ̀, kí orí rẹ̀ yọ síta, kí ẹ fi íǹṣì 6 sí 12 sáàárín wọn. Ẹ tò wọ́n ní ìlà tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kí omi tó bá ń bọ̀ lókè máa fẹnu sọ ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹni tó bá to ìlà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ti la ọ̀nà fún ọ̀gbàrá ni. Tí ẹ bá ń fún un lómi nígbà tí òjò bá dá, á bo ilẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Tí ẹ bá ń gé e, ẹ má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó máa tà á fún yín. Gbẹ̀gi, Eleusine indica, wà níbi gbogbo lẹ́bàá títì, orí òdòdó rẹ̀ sì jọ ti Bahama, àwọn kan ń kó o mọ́ ọn tà. Ẹ wo ìdí rẹ̀: ti gbẹ̀gi pẹlẹbẹ, ó funfun, ojú kan náà ló sì pọ́ sí, kì í rákò. Tó bá yẹ kó dá yín lójú, ẹ mú ewé kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn níbi tó ti kúrò lára ọ̀pá. Ti Bahama ní irun funfun kúkúrú tó tò síbẹ̀. Ọmọ yín lè mú èyíkéyìí tó bá rú u lójú lọ sí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Botany ní OAU, ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ewéko gbígbẹ pamọ́ sí, wọ́n á bá a fi wéra.

Tannápoṣó ò ní wàhálà rárá. Ẹ lọ ṣa kóró dúdú ìdí rẹ̀ nílé ìyá yín, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ rì í mọ́lẹ̀ bí ìdajì íǹṣì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì sáàárín wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á yọ pẹ̀lú ewé méjì fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ bíi ti ẹ̀wà, níbi tí koríko ti ń yọ ewé ẹyọ kan ṣoṣo. Ìdààmú rẹ̀ kan ni pé kóró rẹ̀ ń já bọ́ fúnra rẹ̀. Tí ẹ kò bá ń ṣa á, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó máa tu ú níbi tí ẹ kò gbìn ín sí.

Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ni n kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Tí ẹ bá gbin Bahama sẹ́gbẹ̀ẹ́ tannápoṣó láìsí ààlà, á wọ abẹ́ rẹ̀, á máa bá a du omi àti ajílẹ̀, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ tu ú lójoojúmọ́ láìrí òpin rẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò, kí ẹ ri búlọ́ọ̀kù sí i, kó wọlẹ̀ tó íǹṣì 6, kó sì yọ sókè díẹ̀, torí ọ̀pá orí ilẹ̀ náà mọ bí a ti ń gun nǹkan. Tó bá ti wọ inú rẹ̀ ná, oògùn apakoríko tó ní fluazifop ń pa koríko láìpa tannápoṣó. Èyí tó ní 2,4-D, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe: ewé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń pa, ó ń dá koríko sí. Ìyẹn wúlò nínú pápá Bahama, ṣùgbọ́n ẹ má fọ́n ọn lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, torí tannápoṣó yín, tòmátì aládùúgbò àti ewédú rẹ̀ máa bá a lọ. Ẹ ka ara agolo, kí ẹni tó ń fọ́n ọn wọ bàtà àti ìbọ̀wọ́.

Ọmọ kékeré ilé ló kù. Kóró tannápoṣó àti iṣu rẹ̀ ní májèlé. Ọmọ tó bá gbé e mì lè máa bì kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Kóró náà dúdú, ó rí róbótó, ó wu ọmọdé í fi ṣeré, nítorí náà tí ọmọ yín bá ṣì wà ní ọjọ́ orí tí gbogbo nǹkan ń lọ sẹ́nu, ẹ fi tannápoṣó dúró di ọdún tí ń bọ̀, kí ẹ gbin Bahama nìkan ná. Tó bá ti gbé e mì kí ẹ tó mọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ mú kóró náà dání. Bahama kò ní májèlé kankan fún ọmọ tó ń yí gbirigbiri lórí rẹ̀, àmọ́ àtíkè òdòdó rẹ̀ ń dí ẹlòmíràn nímú, ó sì lè ru ikọ́ fée sókè lára ẹni tó bá ní in. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nílé, ẹ má jẹ́ kó dàgbà débi tó máa yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa bá yín gé e.